Bí A Ṣe Ń Fi Ẹ̀ka Lásán Sọ Ọgbà Ewéko Yí Ilé Ká ní Abẹ́òkúta

Ẹni tó bá ti gbin ẹ̀gẹ́ rí ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí. A gé igi ẹ̀gẹ́, a kì í bọ ilẹ̀, ojú ara rẹ̀ rú, gbòǹgbò ta nísàlẹ̀, kò sẹ́ni tó ra irúgbìn kankan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ igi tí a fi ń sọ ọgbà ewéko ṣe ń hù. Síbẹ̀, onílé tuntun pọ̀ ní Ọbáńtokò àti Àdìgbẹ tí ilẹ̀ wọn wà gbayawu nítorí pé owó búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì kò tíì sí. Àwọn mìíràn ń ra òdòdó lẹ́yọ lẹ́yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, owó á sì tán kí wọ́n tó dé ìdajì iwájú ilé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Pulọ́ọ̀tì tó jẹ́ 60 ẹsẹ̀ bàtà níbùú, 120 lóròó, yíká rẹ̀ jẹ́ 360 ẹsẹ̀ bàtà. Bí a bá fi ẹsẹ̀ bàtà kan sáàárín igi kan sí èkejì, nǹkan bí 360 igi la ó nílò, ká yọ ti ẹnu ọ̀nà kúrò. Owó gidi ni lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta òdòdó. Lọ́dọ̀ ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń gé ẹ̀ka, kò ju owó báró iyanrìn kan, àpò ìgbẹ́ adìẹ díẹ̀, àti sùúrù òjò ọdún kan lọ.

Kí ẹ̀ka hù kò le rárá. Ohun tó ń ba ọgbà ewéko jẹ́ ní ìlú wa ni pé àánú igi tí a fọwọ́ ara wa gbìn máa ń ṣe wá, a ò ní gé e nígbà tó ṣì kéré, yóò wá ga ní ìhòòhò ẹsẹ̀, ajá á máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. N ó padà sórí ọ̀rọ̀ yìí nísàlẹ̀, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọgbà ti ń di ọgbà.

Igi wo ni ká lò?

Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ kí ọgbà náà ṣe. Bó bá jẹ́ ewúrẹ́ àdúgbò lẹ fẹ́ dá dúró, ẹ má fi òdòdó hibiscus bẹ̀rẹ̀, torí wọn ò ní jẹ́ kó ga tó orúnkún. Làpálàpá ni kí ẹ lò, èyí tí kóró rẹ̀ kún fún epo, tí àwọn kan ń pè ní bọ̀tújẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn bàbá wa ti ń fi í yí oko àti ẹ̀yìnkùlé ká, nítorí pé ẹran kì í jẹ ẹ́, ẹ̀ka rẹ̀ sì ń hù wẹ́rẹ́. Àmọ́ kóró rẹ̀ lóró. Ó máa ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru, kò sì korò lẹ́nu, ìyẹn ni ọmọdé ṣe lè jẹ púpọ̀ kí àgbà tó mọ̀. Nílé tí ọmọ kéékèèké wà, ẹ máa gé e déédéé kó má baà so, tàbí kí ẹ wá igi mìíràn. Olómi òjò, igi olódòdó yẹ́lò tí a sábà ń rí lójú ọ̀nà, mi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti gbìn ín sílé ọmọ. Ọkàn èèyàn ni májèlé inú rẹ̀ ń bá jà.

Fún ilẹ̀ ńlá tàbí oko, àgúnmánìyè dára púpọ̀. Àwọn olóko kòkó mọ̀ ọ́n, wọ́n ń lò ó fún ibòòji. Ọ̀pá rẹ̀ tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún lè wọ ilẹ̀ tààrà, ewé rẹ̀ tó bá rẹ̀ sílẹ̀ a sì máa sọ ilẹ̀ náà dọ̀tun. Ìyeyè náà ń hù láti ara ọ̀pá ńlá, ṣùgbọ́n igi ńlá ni yóò dà bí ẹ bá fojú fò ó. Akòko àti pèrègún hù dáadáa, wọ́n sì lẹ́wà. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tí pèrègún ń sọ nílẹ̀ Yorùbá: ẹni tó bá gbìn ín sí ojú ilẹ̀, ààlà ló ń fi hàn. Ẹ pe aládùúgbò kí ẹ tó gbìn ín, kí ẹ jọ dúró níbẹ̀, kí ọ̀rọ̀ má baà di ti ọba àti lọ́yà lẹ́yìn ọ̀la.

Fún iwájú ilé, èyí tí èèyàn fẹ́ kó rí rèǹtẹ̀rente, Ixora, Acalypha, hibiscus àti Duranta, tí àwọn tó ń ta òdòdó ń pè ní yellow bush, ni ó wọ́pọ̀. Ixora lẹ́wà jù lójú tèmi, ó sì máa ń dì pọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ó lọ́ra. Ẹni tí kò bá lè dúró kó má fi bẹ̀rẹ̀. Acalypha yára, ewé rẹ̀ sì ní àwọ̀ pupa tàbí àdàlù. Duranta ló gba ìgékúgèé jù nínú gbogbo wọn, òun ni n ó mú bí wọ́n bá ní kí n mú ẹyọ kan. Èso rẹ̀ kéékèèké kì í ṣe jíjẹ, májèlé wà nínú rẹ̀, àmọ́ èyí tí a bá ń gé lóòrèkóòrè kì í ráyè so.

Fún ẹ̀yìnkùlé, ẹ ò rí ewúro bí? Ọ̀pá rẹ̀ hù bí ìgbà tí wọ́n fi bú u. Ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ sáàárín wọn, ẹ máa gé e ní ìdúró àyà, ohun tí ẹ bá gé á wọ ìkòkò ọbẹ̀. Inú mi máa ń dùn bí mo bá rí ọgbà ewúro tí ìyá onílé ń já láàárọ̀.

Ibi tí ẹ̀ka ti ń wá

Ẹ má ra ẹ̀ka. Lásìkò òjò, àwọn tó ń tọ́jú òdòdó nínú ọgbà ìjọ, ilé ìwé, òtẹ́ẹ̀lì, àti àwọn ilé àtijọ́ ní Ìbarà GRA máa ń gé ọgbà wọn, orí ààtàn ni wọ́n sì ń kó o dà sí. Ẹ lọ bá wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀: “Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì da ìyẹn nù, ẹ bá mi ya èyí tó gbó díẹ̀ sọ́tọ̀.” Ẹ fi owó omi tútù lé e. Bó ṣe wù kó rí, ẹ má gé ọgbà ọlọ́gbà láìtọrọ.

Kó tó di pé ẹ gbé e, ẹ wo ewé náà. Bí nǹkan funfun bí òwú bá lẹ̀ mọ́ abẹ́ ewé hibiscus, kòkòrò ni. Ẹ fi sílẹ̀, ẹ wá ti ibòmíràn. Ẹ gé e láàárọ̀ kùtù kí oòrùn tó mú, nígbà tí omi ṣì kún inú igi. Ẹ fi àpò tútù wé e, kí ó má kan afẹ́fẹ́ títí ẹ ó fi délé. Ẹ̀ka tí ẹ gbé lẹ́yìn ọ̀kadà láti Kútọ̀ dé Ọbáńtokò nínú oòrùn ọ̀sán láìbò ó ti kú kó tó dé ilé.

Ìgbà tó yẹ

Nílùú wa, òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta sí ìkẹrin, ó máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, á tún padà ní oṣù kẹsàn-án, á sì lọ tán nígbà tí oṣù kọkànlá bá fi máa wọlé. Ọ̀pá ńláńlá bíi làpálàpá, àgúnmánìyè àti ìyeyè, ẹ gé wọn ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, kí wọ́n tó rúwé, nítorí oúnjẹ igi ṣì wà nínú ọ̀pá nígbà náà. Ẹ kì wọ́n mọ́lẹ̀ bí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀. Àwọn ẹ̀ka wẹ́wẹ́ bíi Duranta àti Ixora, ẹ fi wọ́n sínú ọ̀rá ní oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún, kí ẹ lè kó wọn wọ ilẹ̀ ní oṣù keje. Èyí tó bá wọ ilẹ̀ lẹ́yìn oṣù kẹsàn-án, gbòǹgbò rẹ̀ kò ní jìn tó kí ọyẹ́ tó dé, ẹ̀yin lẹ ó sì máa pọn omi sí i títí di oṣù kẹta.

Bí a ṣe ń gé e

Ẹ̀ka tó dára kò tutù jù, kò sì gbó jù. Èyí tó ṣì tutù yọ̀yọ̀ lórí yóò rà; èyí tó ti di igi gbígbẹ funfun á pẹ́ kó tó ta gbòǹgbò. Ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀: bó bá wó lọ bí okùn, ó kéré, bó bá tẹ̀, tó fẹ́ dá, tí èèpo rẹ̀ ti ń kúrò ní àwọ̀ ewé bọ́ sí àwọ̀ igi, òun gan-an nìyẹn. Kó tóbi tó pẹ́ńsù, kó gùn tó íǹṣì mẹ́fà sí mẹ́jọ, kó ní oríkèé mẹ́ta sí mẹ́rin ó kéré tán.

Ọ̀bẹ gbọ́dọ̀ mú. Ọ̀bẹ kíkú ń tẹ igi fọ́ ni, ibi tó fọ́ ni ìdíbàjẹ́ ti ń wọlé. Ẹ gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ gẹ́lẹ́ lábẹ́ oríkèé, nítorí àyíká oríkèé ni gbòǹgbò sábà ń gbà yọ. Ẹ gé ìsàlẹ̀ ní dídagẹ̀rẹ̀, kí ẹ gé orí ní pẹrẹsẹ. Ìdí rẹ̀ ni pé bí ẹ̀ka bá ti pọ̀ nílẹ̀, ẹ ò ní mọ orí mọ́ ìdí, ẹ̀ka tí a bá sì dojú ẹ̀ kọ ilẹ̀ kò ní ṣe dáadáa. Ẹ já gbogbo ewé ìsàlẹ̀ kúrò, ẹ fi méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀ lókè, ẹ sì gé ìdajì ewé náà bó bá fẹ̀. Ewé ló ń fa omi jáde lára ẹ̀ka, kò sì tíì sí gbòǹgbò tí yóò dá a padà. Òdòdó tó bá wà lórí rẹ̀, ẹ já a.

Làpálàpá yàtọ̀. Oje ń ṣàn lára rẹ̀. Ẹ gé e ní ẹsẹ̀ bàtà kan sí méjì, ẹ kó o síbi ibòòji fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ gbẹ, kó má baà rà nínú ilẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí oje rẹ̀ kan ojú tàbí aṣọ funfun.

Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà

Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí a ń dà sójú gọ́tà ni ìkòkò tó dára jù fún iṣẹ́ yìí. Ẹ ṣà á, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ gé orí rẹ̀, ẹ gé igun méjèèjì ìsàlẹ̀ kí omi lè jáde. Ẹ po iyanrìn odò agolo méjì mọ́ ilẹ̀ dúdú agolo kan. Ẹ má fi ìgbẹ́ ẹran sí i ní ìpele yìí rárá. Ẹ̀ka tí kò ní gbòǹgbò kò lè jẹ ẹ́, rírà ló máa rà. Ẹ bu omi rin ilẹ̀ náà, ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ lu ihò síbẹ̀ kí èèpo ẹ̀ka má baà bó, ẹ ki ẹ̀ka bọ̀ ọ́ dé ìdajì, ẹ fi ọwọ́ tẹ ilẹ̀ mọ́ ọn lára dáadáa. Àlàfo afẹ́fẹ́ tó bá kù nídìí rẹ̀ ni gbòǹgbò á kú sí.

Ẹ tò wọ́n mọ́ra lábẹ́ igi máńgòrò, tàbí kí ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe àtíbàbà fún wọn. Ẹ fi ilẹ̀ tàbí pákó ká àwọn tó wà létí, kí oòrùn má máa gba inú ọ̀rá wọ gbòǹgbò wọn. Omi láàárọ̀, díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ bí òjò ò bá rọ̀. Kí ilẹ̀ tutù, kó má ṣe pọ̀tọ̀pọ́tọ̀. Fún Ixora tó lọ́ra, ẹ fi ọ̀rá ńlá tó mọ́ gaara bò wọ́n lórí bí àtíbàbà kékeré kí ọ̀rinrin má baà sá, ẹ máa ṣí i fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lójúmọ́. Kí oòrùn má kan ọ̀rá náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò sè wọ́n.

Ẹ ṣe kún un. Bí ẹ bá nílò 60, ẹ gé 90, torí àwọn kan á kú.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kánjú nìyí: ẹ̀ka á rúwé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á sì ní ó ti hù, wọ́n á fà á kúrò. Ewé tuntun kì í ṣe ẹ̀rí gbòǹgbò. Oúnjẹ tó wà nínú ẹ̀ka tẹ́lẹ̀ ló fi yọ ọ́, ó sì lè rẹ̀ dànù lẹ́yìn náà. Ẹ má fà á wò. Àǹfààní ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ni pé a lè rí inú rẹ̀: ẹ gbé ọ̀kan sókè, bí ẹ bá rí gbòǹgbò funfun tó ń fara ti ẹ̀gbẹ́ ọ̀rá, ó tó. Acalypha àti Duranta sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí márùn-ún, hibiscus mẹ́rin sí mẹ́fà, Ixora lè kọjá mẹ́jọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa sún wọn sí oòrùn díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì.

Gbígbìn sórí ilẹ̀ olókùúta

Ìlú tó wà lábẹ́ òkúta ni tiwa, ẹ ò sì ní gbẹ́lẹ̀ jìnnà kí ọkọ́ tó ró gbàǹgbàn. Ẹ fi okùn àti èèkàn méjì fa ìlà, kó fi ẹsẹ̀ bàtà méjì wọ inú ààlà yín, kí ẹ lè ráyè gé ẹ̀yìn ọgbà láìwọ ilẹ̀ onílẹ̀. Ẹ gbẹ́ yàrà kan lójú ìlà náà, ẹsẹ̀ bàtà kan ní fífẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà kan ní jíjìn. Yàrà dára ju ihò kọ̀ọ̀kan lọ, torí gbòǹgbò á rí ilẹ̀ rírọ̀ tẹ̀ lé lọ́tùn-ún lósì. Níbi tí àpáta bá ti sún mọ́ òkè, ẹ má jà á. Ẹ to òkúta wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹ kó ilẹ̀ kún àárín rẹ̀ bí ebè gígùn. Bí ilẹ̀ bá dagẹ̀rẹ̀, bí ó ṣe pọ̀ nílùú wa, ẹ to òkúta náà sí apá ìsàlẹ̀ kí àgbàrá má gbé ilẹ̀ àti igi lọ.

Ìgbẹ́ adìẹ tí a ń gbà lọ́dọ̀ àwọn olóko adìẹ dára púpọ̀, àmọ́ tútù rẹ̀ ń jó igi. Ẹ kó o jọ, ẹ bò ó, ẹ fi sílẹ̀ fún oṣù méjì. Bí ẹ bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ tí kò gbóná mọ́, tí òórùn rẹ̀ kò ta imú mọ́, ẹ pò ó mọ́ ilẹ̀ yàrà náà.

Ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà kan sáàárín igi fún Duranta, Ixora àti Acalypha. Làpálàpá tí a fẹ́ kó dá ewúrẹ́ dúró gbọ́dọ̀ sún mọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ, íǹṣì mẹ́fà sí mẹ́wàá. Ẹni tó bá fẹ́ ọgbà tó ki, kó gbìn ín ní ìlà méjì, ẹsẹ̀ bàtà kan sáàárín ìlà, kí igi ìlà kejì dúró sójú àlàfo ti àkọ́kọ́. Bí ẹ bá fi ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ sáàárín igi nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, iwájú ilé 60 ẹsẹ̀ bàtà á gba nǹkan bí 80. Ẹ fi ọ̀bẹ la ọ̀rá, ẹ má fa igi jáde. Ìrọ̀lẹ́ tàbí ọjọ́ tí ojú ọ̀run bò ni kí ẹ gbìn ín.

Gígé ló ń sọ ọ́ di ọgbà

Bí Duranta, hibiscus tàbí Acalypha bá ti mú ilẹ̀, tó ń yọ ewé tuntun, ẹ mú ọ̀bẹ, ẹ gé e kó ku íǹṣì mẹ́fà sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ó dunni. Ẹ gé e. Orí igi ló máa ń dá àwọn ojú ìsàlẹ̀ dúró kí wọ́n má baà rú. Bí orí bá ti kúrò, ojú méjì mẹ́ta lábẹ́ rẹ̀ á rú lẹ́ẹ̀kan náà. Bí àwọn ẹ̀ka tuntun wọ̀nyí bá tó íǹṣì mẹ́jọ, ẹ gé ìdajì wọn. Ẹ̀ka méjì di mẹ́rin, mẹ́rin di mẹ́jọ, ilẹ̀ sì ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá gé e, ẹ jẹ́ kó fi íǹṣì mẹ́ta sí mẹ́rin péré ga ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Bí òjò ọdún àkọ́kọ́ bá fi máa lọ, ọgbà tó dé orúnkún tó sì ki dáa ju èyí tó dé àyà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣófo. Èyí tó ti ga ní ìhòòhò, orí nìkan ni yóò máa rú. Àfi ká padà gé e sísàlẹ̀, ká bẹ̀rẹ̀ lọ́tun.

Ixora kò fẹ́ kánjúkánjú. Ẹ máa já orí rẹ̀ nìkan, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ fún un láyè láti rú kí ẹ tó tún fọwọ́ kàn án.

Bí ọgbà bá ti ga tó bí ẹ ṣe fẹ́, ẹ máa gé e ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà lásìkò òjò. Kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ ju òkè lọ, nítorí bí òkè bá fẹ̀ jù, yóò ṣíji bo ìsàlẹ̀, ewé ìsàlẹ̀ á sì rẹ̀ dànù. Lẹ́bàá géètì, ẹ má jẹ́ kó ga kọjá ìbàdí, kí ẹni tó ń wa ọkọ̀ jáde lè rí ọmọ tó ń kọjá. Oṣù kẹwàá ni kí ẹ gé e kẹ́yìn. Nígbà ọyẹ́, ẹ fi í sílẹ̀.

Àwọn nǹkan tó kù

Tata máa ń bo Acalypha nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ewé Akíntọ́lá ni wọ́n fẹ́ràn láti kóra jọ sí, nítorí náà ẹ ṣán an kúrò nítòsí. Kòkòrò olówùú funfun, ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ikán fẹ́ràn igi gbígbẹ, nítorí náà bí ẹ bá fi koríko gbígbẹ bo ìdí igi kí omi má gbẹ, kí koríko náà jìnnà sí ara igi ní ìbú ọwọ́ kan, ẹ sì fa ọ̀pá tó ti kú tu. Ẹ máa ro ìdí ọgbà kí ejò má rí ibi forí pamọ́ sí.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́, omi tó rin ilẹ̀ dáadáa lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ dára ju ìbomirin díẹ̀díẹ̀ ojoojúmọ́, torí ó ń mú gbòǹgbò lọ sísàlẹ̀. Lọ́dún kejì, púpọ̀ nínú wọn kò ní bèèrè omi mọ́.

Níbi tí igi kan bá kú tó fi àlàfo sílẹ̀, ẹ má wulẹ̀ gbin kékeré sáàárín àwọn tó ti ga, wọn á bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ mú ẹ̀ka gígùn kan nísàlẹ̀ igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ fi ọ̀bẹ ha èèpo rẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ oríkèé kan, ẹ tẹ̀ ẹ́ wá sílẹ̀ sínú àlàfo náà, ẹ fi igi tó pẹ̀ka sí méjì mú un mọ́lẹ̀, ẹ bo ibẹ̀ ní ilẹ̀ rírin, kí orí rẹ̀ yọ síta. Ìyá rẹ̀ á máa bọ́ ọ títí yóò fi ta gbòǹgbò tirẹ̀. Lẹ́yìn oṣù méjì sí mẹ́ta lásìkò òjò, ẹ gé e kúrò lára ìyá rẹ̀.